Ọ̀ọ́dúnrún Ọwọ́, Ìgbànú Kan

Ní agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, orúkọ tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá parẹ́ kúrò lójú ògiri ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ oyún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ Bàbá Adéníran ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí etí rẹ̀ ti di. Òun nìkan ni kò tíì yọwọ́ láti àárọ̀ àná, nítorí òun nìkan ni kò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá bá a gbọ́ ọ, òun náà ló sì bá a yọwọ́.

"Kò sí alágbàtọ́ kankan mọ́," ni ohùn kan wí láti inú ògiri. Ohùn Ẹlẹ́rìí ni, ẹ̀rọ ìjọba tí ń ka ọwọ́, tí ń ka ìbò, tí kì í sì í gbàgbé. "Bí alágbàtọ́ kò bá dé, ìwé ìdádúró ìjọ yín yóò kú ní agogo mẹ́rin. Wọn yóò ṣẹ́ oyún náà ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣeun."

"Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ta?" Ìyá Ìjọ Moróhunfólú Ajíbóyè bi ògiri náà.

Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé, akọ̀wé ọ́fíìsì, ló gbà á sọ láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, níbi tí ó ti ń fi àtàǹpàkò bó ẹ̀pà.

"Ìyá Ìjọ, ẹ má bá a jà. Ọdún kìíní tí wọ́n gbé e wá síbí, èmi náà bá a jà. Ìyàwó mi ló ní kí n fi í sílẹ̀, pé ohùn mi ti ń há. Bàbá yẹn pàápàá, ká ní ó dúró, òfin kò ní gbà á. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọkàn rẹ̀ kì í..."

"Mo mọ òfin náà, sà."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ẹ̀pà."

"N kò jẹ ẹ̀pà."

Lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnì kan rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. Tẹniọlá ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ó wọ bàtà gígùn tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, tí ó sì gbé akoto iṣẹ́ rẹ̀ lé itan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi bàlúù kékeré darí òjò sí àwọn oko kaṣú tó wà lọ́nà Ìkòyí. Òun ló ni oyún tí wọ́n ń torí rẹ̀ jókòó. Oyún náà pé ọ̀sẹ̀ márùndínlógún. Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ láti wá wo ẹni tí yóò gba ọlẹ̀ náà lójúkojú, ó sì ti ń lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá kí ó wò.

"Mọ́mì," ó wí, "ẹ ní ẹ ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò fẹ́ fi méjìlá rẹ́ yín jẹ."

Moróhunfólú yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ti sin òbí méjèèjì, ó ti ṣe olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ fún ọdún mọ́kànlá, kò sì rántí ọjọ́ kan tí inú ti bí i tó báyìí tí kò sí ẹni tí yóò na ìka sí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Bí ó ṣe dojú rú ló ṣòro láti gbàgbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gun pèpéle ìwàásù Ìjọ Orísun Ìyè ní Òkè-Ẹlẹ́rìn. Fún ọdún mọ́kànlá, ìwàásù kan náà ni ó ti ń ṣe: ìpè sí gbogbo onígbàgbọ́ láti dìde, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a máa pa ọmọ tí kò tíì fojú kan oòrùn. Ní ọjọ́ Àìkú yìí, ó yí ìwàásù náà padà. Ó sọ fún wọn pé ìwọ́de tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn kò tíì gba ọmọ kan ṣoṣo là. Ó ní wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti gbé pátákó, wọ́n ti kọrin títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ orin náà, tó sì ń bá wọn gbè é.

"Òfin tí a ń bú," ó wí, "òun náà ló ṣílẹ̀kùn kan fún wa tí a kò gbà wọlé rí. Ẹnikẹ́ni lè dá oyún ṣíṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ó bá lè mú ẹnì kan wá tí yóò gba ọlẹ̀ náà. Ọmọ tí a bá ní kí wọ́n má pa, àwa ni ká gbé e. Ìyókù, ariwo ni."

Àmín tí ìjọ ṣe mi abẹ̀bẹ̀ òrùlé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣẹ́jú sí Bùrọ̀dá Fọlárànmí, akọ̀wé ìjọ, pé kí ó tan Ẹlẹ́rìí tó wà lókè àjà, nítorí ní orílẹ̀-èdè yìí, ọwọ́ tí a bá nà lábẹ́ Ẹlẹ́rìí tó ń ṣiṣẹ́, bí ìfọwọ́sí ló rí. Ó wá bèèrè: "Oyún kan wà lójú pátákó ilé-ìwòsàn fún ọjọ́ Ajé. Ta ni yóò gbà á?"

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ẹni tó ń tẹ dùùrù rò pé ìwàásù ti parí. Ó bọ́ sínú orin ìyìn. Ìjọ dìde, wọ́n di ojú, wọ́n sì na ọwọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí bàbá àti ìyá wọn ti ń nà á kí Ẹlẹ́rìí tó dáyé.

Kò sí ìjọ tí kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ pa Ẹlẹ́rìí kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí ìjọ kan ní apá òkè ti fi orin ìdúpẹ́ ìkórè dìbò yan alága ìjọba ìbílẹ̀ láìmọ̀, tí ọkùnrin náà sì lo ọdún mẹ́rin lórí àléfà. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Fọlárànmí kò pa á. Ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì wà lókè, ojú rẹ̀ sì dì pinpin.

Nígbà tí Moróhunfólú rí iye ọwọ́ tí Ẹlẹ́rìí kà lójú ògiri, ó sunkún. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn: ó gbà á gbọ́. Ó lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, ó fi ìwé ìdádúró sílẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó fi orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá tì í lẹ́yìn. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé gbójú sókè láti inú ìwé náà, ó ní òun kò rí irú èyí rí láti ọdún mẹ́rìnlá tí òun ti jókòó síbẹ̀. Moróhunfólú yin Ọlọ́run lógo níṣojú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Rú, Ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan náà ló sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ ti gbà láti tọ́ ọlẹ̀ kan. Ẹ wá de ìgbànú." Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ti yọwọ́. Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́ bá méjìlá, àwọn yẹn sì ń jábọ́ bí ewé mọ́ńgòrò nígbà ọyẹ́.

Láti agogo méjì sí agogo mẹ́ta, Moróhunfólú kò gbé ẹnu kúrò lára fóònù ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pe Arábìnrin Ìbídùnní, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin.

"Ìyá Ìjọ, ẹ kò ní fi orin wọ́ mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Olúwa ni mo nawọ́ sí."

"Arábìnrin Ìbídùnní, ẹ nawọ́, ẹ tún fò sókè."

"Mo máa ń fò. Ẹ bi ọkọ mi."

Ó pe Díákónì Oyèlẹ́yẹ, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí òun ló ń gbé pátákó tó tóbi jù lọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Màmá, mo wà pẹ̀lú yín nínú ẹ̀mí."

"Ìgbànú kì í ṣe ti ẹ̀mí, Díákónì. Egungun ìhà ni wọ́n ń dè é mọ́."

"Mo ti wọnú ààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí láti àná."

"Ẹ jẹun, kí ẹ sì máa bọ̀."

"Ṣé ọkùnrin tilẹ̀ máa ń dè é ni, Màmá?"

"Láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ọlẹ̀ tí wọ́n bá gbé kúrò nínú ìyá sínú àpò kì í dàgbà bí ìgbànú kò bá jẹ́ kí ó gbọ́ ọkàn ènìyàn tó ń lù. Wọn kò bèèrè irú ọkàn wo. Àbí tiyín kì í lù?"

Díákónì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́ gbẹ̀yìn ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó pe Jọláyẹmí, ọ̀dọ́bìnrin tí ó ti máa ń sunkún kíkorò níbi ìpàdé àdúrà fún àwọn ọmọ inú oyún. Jọláyẹmí tún sunkún. Ó ní ìgbéyàwó òun ku oṣù méjì, aranṣọ sì ti gé aṣọ náà mọ́ òun lára. Ìgbànú yóò hàn.

"Aṣọ," ni Moróhunfólú wí.

"Wọ́n ti gé e, mà."

Ó pa ìpè náà. Ó gbàdúrà kúkúrú kan pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun sọ ohun tó wà lẹ́nu òun. Àdúrà náà gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Pásítọ̀ Ọláòṣebìkan pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ìgbànú kò kàn án. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ti jẹun ọ̀sán.

"Ìyá Ìjọ, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà níwájú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìrìn-àjò ìwàásù yín bẹ̀rẹ̀. Ogójì ìlú, oṣù márùn-ún. Gbogbo ìjọ tó wà láti ibí dé etí òkun ló ń retí ohùn yín. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò ti jókòó lórí àbá tiwa. Bí àbá náà bá wọlé, ọjọ́ mẹ́ta ìdádúró yóò di ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ro iye ọmọ tí ìyẹn yóò gbà là."

"Mo ti rò ó, sà."

"Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ̀rọ̀ náà bíi tiyín."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ti òní yìí fọ́ yín lọ́kàn. Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ẹ máa bọ̀ nílé. A ti sa ipá wa."

"Ipá ta ni a sà, Pásítọ̀?"

"Ẹ sinmi díẹ̀, Ìyá Ìjọ," ó wí, ó sì pa fóònù.

Tẹniọlá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yàrá náà kò tóbi, bẹ́ẹ̀ ni Pásítọ̀ kì í rọra sọ̀rọ̀. Ó gbé akoto rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó sún mọ́ ògiri.

"Ẹlẹ́rìí," ó wí, "fi ìjọ Mọ́mì hàn mí. Ti ọjọ́ Àìkú."

"Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn. Ògiri náà sì kún fún ọwọ́: ọwọ́ àgbà, ọwọ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ọwọ́ tí ó di ankáṣíìfù mú. Ó lẹ́wà láti wò. Moróhunfólú fẹ́ kí ó má lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

"Ta ni kò nawọ́?" Tẹniọlá bèèrè.

"Ènìyàn mọ́kànlá ni kò nawọ́. Mẹ́jọ ń sùn. Ẹni kan ń tẹ dùùrù. Ẹni kan ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹni kan wà lórí pèpéle."

Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé dẹ́kun ẹ̀pà bíbó.

"Mọ́mì," ni Tẹniọlá wí, kò sì sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀ mọ́, "ọwọ́ tiyín ńkọ́?"

"Ìwé ìwàásù ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ọwọ́ méjèèjì?"

Moróhunfólú ní ìdáhùn. Ìdáhùn náà dára, ó tọ́, ó sì gùn tó ogójì ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: pé bí òun bá de ìgbànú, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni òun kò ní kọjá ogún ẹsẹ̀ bàtà sí àpò náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, pé àpò kì í kúrò nínú ìlú tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, pé ìrìn-àjò náà yóò bàjẹ́, àbá òfin náà lè ṣubú, àwọn ọmọ tí yóò sì bá a lọ, kò sí ẹni tó mọ iye wọn. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn Díákónì Oyèlẹ́yẹ ló jọ, àfi pé gírámà tirẹ̀ dára jù.

Tẹniọlá jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi," ó wí. "Èmi náà, inú àpò ni mo ti dàgbà. Ìjọ kan ló dá ìwé ìdádúró lé mi lórí, ní ọdún kejì tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún mi de ìgbànú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń pín mi dè, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ilé àwọn ọmọ àpò tí ìjọba kọ́ ni wọ́n gbé mi lọ. Ọdún méjìdínlógún. Ìjọ yẹn máa ń wá kí wa nígbà Kérésìmesì, wọ́n á fún wa ní bisikíìtì, wọ́n á ya fọ́tò."

"Mi ò mọ̀," ni Moróhunfólú wí.

"Ẹ kò bèèrè. Ẹ̀yin oníjọ dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, nọ́ńbà ni mo jẹ́ lójú yín lórí pátákó." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. "N kò kórìíra oyún yìí, Mọ́mì. Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ ní pápá ìdarí òjò ti òkè Sókótó, wọn kì í gba aboyún síbẹ̀, ẹni tó fún mi lóyún sì ti lọ. Ká ní mo rí ènìyàn kan, ènìyàn tí ó lójú, tí ó nímú, tó lè sọ fún mi pé òun ni òun fẹ́ ẹ, màá gbà. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó síbí láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú àpò fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn kì í ṣe ẹnì kankan."

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn gíláàsì yàrá kejì, àpò-ọlẹ̀ náà jókòó lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó rí rìbìtì bí akèrègbè, omi inú rẹ̀ ń móoru, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Moróhunfólú gbìyànjú láti gbé ọmọ kan sórí ìwọ̀n, kí ó gbé ogójì ìlú sí ìkejì. Ó ti wàásù tó láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kò dúró. Àwọn ọmọ ogójì ìlú kò ní ojú. Èyí tó wà níhìn-ín ní wákàtí kan ó dín díẹ̀. Bí òun bá sì dé ìlú àkọ́kọ́ ní ọjọ́ Ajé, tí òun gun pèpéle, tí òun ní "àwa ni ká gbé e," kí ni òun yóò sọ bí ẹnì kan bá dìde nísàlẹ̀ tí ó bèèrè ohun tí ọmọbìnrin oníbàtà ẹlẹ́rẹ̀ yìí bèèrè? Inú tún bí i, ó gbóná ju ti àárọ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí ẹni tí ó lè na ìka sí.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé," ó wí, "ẹ gbé ìgbànú náà wá."

Akọ̀wé náà kò dìde. "Ìyá Ìjọ, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbínú dè é..."

"Bí mo bá ní kí ìbínú mi lọ kí n tó ṣe nǹkan, ọdún tó ń bọ̀ la máa wà níbí. Ẹ gbé e wá, sà."

"Ó di dandan kí n sọ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọlẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń dúró. Lẹ́yìn náà ló máa ń gbọ́ ti alágbàtọ́, tí á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nínú mẹ́wàá, méjì kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ó sì jẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ìwé, bó bá yè. Kì í ṣe ìjọ. Ẹ̀yin."

"Mo gbọ́, sà. Níbo ni màá fọwọ́ sí?"

Tẹniọlá ti dìde. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo òjò tó ṣú lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò mọ̀ bóyá yóò rọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ máa dè é?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Ẹni tó dè é fún mi náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi kọ́ ni."

"Ó lè máa rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí láti ọjọ́ Rú. N kò ní lọ síbì kankan."

"Kí lẹ máa sọ fún un nípa mi?"

Moróhunfólú ronú. Kò fẹ́ sọ ohun tó jọ ìwàásù. "Màá sọ fún un pé o jókòó láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kí o lè rí ojú ẹni tó máa gbà á. Màá sọ pé o lẹ́nu burúkú."

Tẹniọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri.

"Ẹlẹ́rìí," ó wí, "mo ti rí i. Mo gbà."

"A ti gbọ́. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Ìwé ìdádúró dúró. Kí ìyá wọlé."

Tẹniọlá bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ yàrá inú. Kò wẹ̀yìn.

Ìgbànú náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní bàbà rìbìtì kékeré kan tí ó tutù bí yìnyín lára egungun ìhà. Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé dè é fún Moróhunfólú pẹ̀lú ìtìjú, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ wé gèlè. Nínú yàrá kejì, omi inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í mì wẹ́wẹ́, bí ọkàn obìnrin náà ti ń lù.

"Ọkàn yín ń sáré," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ fara balẹ̀."

"Ìwọ lò ń bí mi nínú."

"Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

Ó mí sínú, ó mí síta, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe fún ẹnikẹ́ni. Fóònù ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ tàn. Pásítọ̀ ni. Ó ń bèèrè bóyá kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ aláṣọ búlúù tàbí ti aláṣọ funfun sójú ìwé ìpolongo ìrìn-àjò náà. Moróhunfólú ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi ìka kan tẹ èsì: "Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè sọ̀rọ̀, sà. Èmi ti rí iṣẹ́." Fóònù tún tàn, ó tún tàn. Ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, láàárín èèpo ẹ̀pà.

Agogo mẹ́rin lù. Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ti béèrè pé kí ó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun kì í gbàdúrà, òun sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má wàásù fún òun. Moróhunfólú ní òun kò ní wàásù. Àwọn méjèèjì ń wo gíláàsì.

Nọ́ọ̀sì kan jáde láti yàrá inú, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní Tẹniọlá ti jí, ó sì ti béèrè oúnjẹ. Ó ní wọ́n ti gbé ọlẹ̀ náà sínú àpò. Ó gbójú sí ibi tí ìtàkùn iná méjì ti ń sáré lára ògiri, èyí tó wà lókè, ti ọkàn Moróhunfólú, ń fò, ó ń balẹ̀, ti ọlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ má gbéra, mà," ó wí fún Moróhunfólú. "Ẹ kàn máa mí."

Ẹlẹ́rìí ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ní ohùn tí ó ń fi ka ìbò.

"Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ọlẹ̀ ti wọ àpò. Ìyá wà ní àlàáfíà. Ọkàn alágbàtọ́ ti wọlé, ó ń lù dáadáa. Ọkàn ọlẹ̀: a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀."